Orúkọ Odò àti Odò Gan-an: Ìtàn Kíkọ́ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́gíráfì àti Àyíká ní Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní ìlú Ìbàdàn. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Omi kan náà ti ṣọṣẹ́ ní 1978. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tọ́ka sí ni pé àwọn ènìyàn ti kọ́lé dí ọ̀nà omi, wọ́n sì ti sọ ojú odò di ààtàn.

Ìbàdàn ọdún 1980 kì í ṣe ìlú tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti tó ọdún 25 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ jàǹfààní ètò náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọ́n ti di onílé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Púpọ̀ nínú wọn ti ka orúkọ àwọn odò ńlá ayé ní àkàsórí níwájú olùkọ́. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé: láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti dé ilẹ̀ Yorùbá, kí ni ó ti ń kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ tí ọmọ náà ń tẹ̀ àti omi tí ó ń ṣàn kọjá ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀?

Èyí kì í ṣe láti sọ pé àìmọ jọ́gíráfì ni ó fa àkúnya Ògùnpa. Àìsí ètò ìlú tí ó múná, àìní ilé gbígbé àti ìwà àìbìkítà àwọn aláṣẹ ní ìpín tiwọn nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ibi kan ṣoṣo tí ìjọba ti ní ànfààní láti bá gbogbo ọmọ sọ̀rọ̀ nípa àyíká wọn kí wọ́n tó dàgbà. Bí ó ṣe lo ànfààní náà jẹ́ ọ̀ràn tí ó tọ́ kí òpìtàn yẹ̀ wò.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ kò ṣàìsí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá. Orúkọ rẹ̀ ni ó ń yí padà lemọ́lemọ́. Ohun tí kò yí padà tó bí ó ti yẹ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ. Ohun méjì ni ó so ọ̀nà náà mọ́lẹ̀: èkíní ni ìdánwò, tí ó ń san èrè fún àkàsórí, èkejì ni èdè, tí ó ya ohun tí ọmọ ti mọ̀ nílé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí olùkọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

2. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé

Kí ìwé tó dé, ọmọ Yorùbá ń kọ́ nípa ilẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní oko àti lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọ̀nà ọjà. Ó mọ ilẹ̀ dúdú yàtọ̀ sí ilẹ̀ yanrìn, ó mọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá yàtọ̀ sí ẹgàn tí ẹnì kan kò tíì dá oko sí rí. Ó mọ̀ pé àkùrọ̀ ni a ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ àkọ́rọ̀ òjò yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò, ó sì mọ ìgbà tí ọyẹ́ ń dé. Ọjọ́ ọjà tí ó ń yí po ni ó fi ń mọ bí ìlú kan ti jìnnà sí òmíràn, nítorí pé ẹni tí ó ń ná ọjà kò lè ṣe kí ó má mọ iye ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rìn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Orúkọ ìlú pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Abẹ́òkúta ń sọ fún ọmọ pé abẹ́ àpáta ni àwọn baba rẹ̀ sá sí. Ìdí-Ìrókò ń sọ irú igi tí ó jẹ́ àmì ibẹ̀. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún Ìbàdàn ni Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, èyí tí ó ń fi hàn pé ìlú náà wà ní ibi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì òde-òní kò lè fi ọ̀rọ̀ tí ó kéré ju èyí lọ ṣàlàyé ibi tí Ìbàdàn wà láàárín igbó gúúsù àti pápá àríwá.

Kò yẹ kí a bu iyì tí ó pọ̀ jù fún ẹ̀kọ́ ilé yìí. Ìmọ̀ náà pín sí ọwọ́ oníṣẹ́-ọwọ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ọdẹ mọ̀, alágbẹ̀dẹ lè má mọ̀ ọ́n, ohun tí apẹja mọ̀, àgbẹ̀ lè má gbọ́ ọ rí. Kò ní àwòrán ilẹ̀ tí ẹnì kan lè tẹ́ sílẹ̀ kí ó fi wo ibi tí kò dé rí, kò sì ní ọ̀nà tí ó gún láti fi òjò ìlú kan wé ti òmíràn. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun gidi tí ó lè fi kún un. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé, dípò kí ó fi kún un, ilé-ẹ̀kọ́ fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

3. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti òfin ìdánwò

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Bàdágìrì ní 1843. Nígbà tí ó di 1846, àwọn òjíṣẹ́ C.M.S., Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther lára wọn, ti dé Abẹ́òkúta. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé ni kí ọmọ lè ka Bíbélì. Jọ́gíráfì tí ó bá èyí mu ni ti ilẹ̀ inú Bíbélì: Jọ́dánì, Òkun Pupa, Jerúsálẹ́mù àti Íjíbítì. Ọmọ tí kò tíì rékọjá odò Ògùn mọ ibi tí Jọ́dánì ti ń ṣàn wọ Òkun Iyọ̀.

Ohun kan yẹ ní àfiyèsí níhìn-ín. Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ fi ìwé ṣàpèjúwe ilẹ̀ àti omi àgbègbè wa. Ó bá àwọn tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí odò Ọya rìn ní 1841, ní 1854 àti ní 1857, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìròyìn náà, fún àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wa ti wà nínú ìwé nígbà náà, láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe é.

Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1882, èyí tí ó kan Èkó àti Gold Coast pọ̀, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sí ètò ilé-ẹ̀kọ́ ní tòótọ́. Nígbà tí Èkó dá dúró ní 1886, ó ṣe òfin tirẹ̀ ní 1887. Àwọn òfin wọ̀nyí mú ètò kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó so owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Alábẹ̀wò ìjọba yóò dé, yóò bi ọmọ ní ìbéèrè, iye ọmọ tí ó bá sì yege ni yóò pinnu apá kan nínú owó tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbà. Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀. Àfikún ni ẹ̀kọ́ bí ìtàn àti jọ́gíráfì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin 1882 mọ̀. Kò fi owó kankan sílẹ̀ fún èdè ìbílẹ̀.

Ipa tí èyí ní lórí ọ̀nà ìkọ́ni hàn gbangba. Alábẹ̀wò kì í pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Kò lè bá ọmọ lọ sí etí odò láti mọ̀ bí ó bá mọ ìdí tí omi fi ń gba ibi kan ṣàn. Ohun tí ó lè bèèrè ni orúkọ: orúkọ olú-ìlú, orúkọ òkè, orúkọ odò. Olùkọ́ tí owó-oṣù rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdáhùn ọmọ kò ní ìdí láti kọ́ ọ ní ohun mìíràn. Bí àkàsórí ti gba ipò ìwòye nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé olùkọ́ ya ọ̀lẹ, bí kò ṣe nítorí pé òun ni òfin san owó fún.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé rí àléébù yìí ní kùtùkùtù. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, àlùfáà Samuel Johnson dárò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú rẹ̀ mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilẹ̀ wọn. Ìtàn ni Johnson ń sọ; bákan náà ni ọ̀ràn rí ní ti jọ́gíráfì. Ìwé kíkà Yorùbá tí C.M.S. tẹ̀ jáde ni ibi kan tí ọmọ ti lè bá ìgbésí-ayé ilẹ̀ rẹ̀ pàdé nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀.

4. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti ìfura àwọn òbí, 1922 sí 1954

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Ìgbìmọ̀ tí àjọ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà rán, tí Thomas Jesse Jones ṣe olórí rẹ̀, tí James Aggrey ti Gold Coast sì wà nínú rẹ̀, rìn yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká ní 1920 àti 1921. Ìròyìn wọn, tí ó jáde ní 1922, bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ tí kò bá àyíká ọmọ mu. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wí pé kí ẹ̀kọ́ bá èrò, iṣẹ́ àti àṣà àwọn ènìyàn ibi kọ̀ọ̀kan mu. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1926 tẹ̀lé e ní Nàìjíríà. Nígbà tí E. R. J. Hussey di olùdarí ètò ẹ̀kọ́ ní 1929, ó gbà pé èdè ìbílẹ̀ ni kí wọ́n fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní orí ìwé, èyí ni ohun tí ẹ̀kọ́ nípa àyíká nílò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní Nature Study wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i. Wọ́n sì wí fún olùkọ́ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ jọ́gíráfì láti inú kíláàsì, kí ó tó dé ìgboro, kí ó tó dé agbègbè, kí ó tó dé ilẹ̀ òkèèrè. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí ó ti ń wí tipẹ́ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí ló dé, nígbà náà, tí èso rẹ̀ kò fi pọ̀? Ìdáhùn àwọn aláṣẹ ìgbà náà ni pé àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn fi ọwọ́ kan ọkọ́. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Bàbá tí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé òun lè kọ́ ọmọ òun ní iṣẹ́ oko lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ó rán ọmọ lọ rà ni ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ìwé-ẹ̀rí tí ó lè sọ ọmọ di akọ̀wé. Ó rí i pé akọ̀wé ni ìjọba ń san owó-oṣù fún, kì í ṣe ẹni tí ó mọ irú ilẹ̀. Nígbà tí àlejò kan náà tí ó di ipò gíga mú wá ń wàásù pé kí ọmọ adúláwọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó bá oko mu, kò ṣòro láti fura pé ẹ̀kọ́ onípò kejì ni wọ́n fẹ́ fún un.

Ìwà ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá fi kún ìfura yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oko ilé-ẹ̀kọ́ di ibi ìjìyà: ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a rán lọ roko, olùkọ́ ni ó sì ń jẹ nínú irè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ìjìyà kò lè kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀. Àṣìṣe àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ni pé wọ́n rò pé láti mú ẹ̀kọ́ bá àyíká mu ni láti fi ọkọ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ti mọ ọkọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣá, ìdí tí òjò fi ń wọ́ ilẹ̀ lọ, àti bí ohun tí ẹnì kan ṣe ní òkè odò ti ń kan ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

5. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. S. O. Awókọ́yà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Nínú gbogbo ohun tí àpilẹ̀kọ yìí mẹ́nu bà, kò sí èyí tí ó tóbi tó èyí. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàṣe àti ọmọ obìnrin tí kò bá má rí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé jókòó.

Síbẹ̀, ohun mẹ́ta dí ẹ̀kọ́ nípa àyíká lọ́wọ́. Èkíní ni àìtó olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wọ kíláàsì kò tíì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni rárá. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè kó ogójì tàbí àádọ́ta ọmọ lọ sí etí odò kí ó sì mọ ohun tí yóò fi hàn wọ́n níbẹ̀. Ìwé àti pátákó ni ààbò rẹ̀. Èkejì ni pé wọ́n dín ọdún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí kò bá sí nínú ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fò. Ẹ̀kẹta ni ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí àyè kò ti tó nǹkan. Ìgbìmọ̀ tí S. A. Bánjọ ṣe alága rẹ̀, tí ó yẹ ètò ẹ̀kọ́ ẹkùn náà wò ní 1960 àti 1961, sọ̀rọ̀ nípa àìtó olùkọ́ yìí àti bí ipò ẹ̀kọ́ ti ń lọ sílẹ̀.

Alábẹ̀wò ìgbà òfin 1887 ti lọ, owó ìrànlọ́wọ́ kò rọ̀ mọ́ ìdáhùn ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti jókòó sí ipò rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ lọ síwájú gbọ́dọ̀ mọ orúkọ. Ẹni tí ó mọ ìdí kò rí máàkì gbà lé e.

6. Ẹ̀kọ́ Àwùjọ àti ìwádìí Ifẹ̀

Ní 1968, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan, Nàìjíríà lára wọn, pàdé ní Mombasa ní Kẹ́ńyà láti jíròrò lórí Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Social Studies. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àpérò ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ wáyé ní Èkó, ó sì wí pé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà lọ, jọ́gíráfì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ọmọ-ìlú pàdánù orúkọ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn di ọ̀kan nínú Ẹ̀kọ́ Àwùjọ.

Èrò rere ni ó wà lẹ́yìn ètò yìí: ọmọdé kì í rí ayé ní apá apá. Ṣùgbọ́n ó ní àbájáde kan tí àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ lè má ti rò. Ẹbí, ìjọba, àṣà àti ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni ó gba ipò iwájú nínú Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun abẹ́lé ní 1970. Ilẹ̀, àpáta, òjò àti odò bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, èyí tí ó kà wọ́n sí ohun tí ó dá wà. Bí àpẹẹrẹ, odò tí ó kún àkúnya nítorí pé ènìyàn da ìdọ̀tí sí i jẹ́ ọ̀ràn sáyẹ́ǹsì àti ọ̀ràn àwùjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Jọ́gíráfì ni ó lè so méjèèjì pọ̀, òun gan-an ni wọ́n sì ti pín.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) tí ó fọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Babs Fáfúnwá ni ó ṣe olórí rẹ̀. Àjọ Ford sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn gba ẹ̀kọ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ pẹ̀lú àṣà, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ìwádìí náà dá lé lórí. Àwọn tí ó ṣe é ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ìwé Yorùbá kò tíì sọ rí.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ni pé àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé òpin kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹnì kan lè sọ pé ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a ń ṣọ́ ni ó mú èyí wá, kì í ṣe èdè nìkan. Ìyẹn jẹ́ àríyànjiyàn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ nípa àyíká, èdè kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Olùkọ́ tí ó bá bèèrè ní Yorùbá pé kí ló dé tí ẹ̀fọ́ kì í rọ ní àkùrọ̀ nígbà tí oko òkè ti gbẹ, yóò rí ọmọ tí yóò dáhùn láti inú ohun tí ó ti fojú rí. Bí ó bá bèèrè ohun kan náà ní èdè tí ọmọ kò tíì gbọ́ tán, ọmọ yóò wá ìdáhùn nínú ìwé, bí kò bá sì rí i níbẹ̀, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń pè ní àìmọ̀.

7. Láti 1977 wá

Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè, tí ó jáde ní 1977, fi àṣẹ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ kò wọ inú ìlànà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi kò wúwo tó nǹkan kí ọmọ tó dé kíláàsì òkè, ìyẹn ni pé ó ń wúwo ní ìgbà tí èdè ń yí padà gan-an.

Ìjàǹbá ni ó tún mú ọ̀rọ̀ àyíká padà wá sí ẹnu ìjọba. Ní 1988, ó hàn sí gbogbo ayé pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Kókó. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àyíká, ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àyíká sì tẹ̀lé e ní 1989. Ọ̀rọ̀ nípa ìdọ̀tí, ìgbẹ́ pípa àti ọ̀gbàrá di ohun tí a ń bá pàdé nínú ìwé ọmọdé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 1887, wọ́n wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a óò kà jọ: oríṣi ìdọ̀tí mẹ́ta, ohun mẹ́rin tí ó ń fa ọ̀gbàrá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gbé ènìyàn lọ ní Ìbàdàn, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí èdè, èyí tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó jọ bí ẹni pé ohùn Ifẹ̀ ti dé etí àwọn aláṣẹ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, kí ìlànà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní kíláàsì, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e, ó sì dá èdè Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀.

8. Àsokágbá

Ìtàn tí ó wà lókè yìí kì í ṣe ìtàn àìbìkítà. Láti 1922 wá, kò sí ìran kan tí kò ní ẹni tí ó wí pé kí ẹ̀kọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti àyíká rẹ̀. Wọ́n pè é ní jọ́gíráfì, wọ́n pè é ní Nature Study, wọ́n pè é ní Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, wọ́n sì tún pè é ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Àtúnṣe tí ó bá yí orúkọ ẹ̀kọ́ padà láìfọwọ́ kan ohun tí ìdánwò ń bèèrè àti èdè tí ó fi ń bèèrè rẹ̀ kò tíì pẹ́ kí ó tó padà di àkàsórí. Ìwádìí Ifẹ̀ nìkan ni ó fọwọ́ kan èdè títí dé òpin. Kò sí èyí tí ó fọwọ́ kan méjèèjì pọ̀.

Bí òpìtàn bá ní ohun kan láti sọ fún àwọn tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́, òun ni pé ìwọ̀n tí ó tọ́ láti fi yẹ ètò kan wò kì í ṣe iye ojú-ìwé tí ó fi fún àyíká. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀bá Ògùnpa lè sọ ibi tí omi náà ti ń bọ̀, ibi tí ó ń lọ, ohun tí ó ń gbé kọjá, àti ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bí ó bá lè sọ ọ́, ní èdè yòówù kí ó jẹ́, ó ti kọ́ jọ́gíráfì. Bí kò bá lè sọ ọ́, orúkọ odò ni ó mọ̀; kò tíì mọ odò.